Bàálù Alága Mẹ́rin àti Iṣu Ìyá

Mọ́tò tó ń gbé wa láti Ìlọrin lọ sí Àbújá dúró ní Lọ́kọ́ja kí àwọn èrò lè ra ẹja, ni mo bá gbọ́ tí ọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀. Àpò iṣu wà láàárín ẹsẹ̀ wọn.

"Àǹtí, ọ̀nà yìí ń bà mí lẹ́rù. Mo ti rí bàálù kékeré kan tí agbára àwa ọmọ ìyá mẹ́rin ká. Àlòkù ni, àmọ́ ó ní àga mẹ́rin, èmi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á ni mo sì máa wà á."

"Ó lè gbé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Tí a bá dín epo rẹ̀ kù, ó lè gbé wa lọ sọ́dọ̀ Ìyá, kó sì gbé wa bọ̀. Àmọ́ kò ní lè gbé ẹrù mọ́ wa."

Obìnrin náà fẹsẹ̀ kan àpò náà. "Iṣu Ìyá ńkọ́?"

"Ẹ bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n má dì í fún wa mọ́."

"Ìyá tí kì í jẹ́ kí ọmọ kúrò nílé lọ́wọ́ òfo? Ẹnu mi ò gbà á."

"Èyí tó tóbi jù ú lọ, agbára wa ò ká a."

Nígbà tí àwọn èrò wọ mọ́tò tán, obìnrin náà fa àpò iṣu náà mọ́ra.

"Ó dáa. Ẹ rà á, kí ẹ̀yin mẹ́ta máa fò. Èmi á máa gbé iṣu bọ̀ lójú títì."