Mo Wá Gba Ẹ̀rí Mi Àkọ́kọ́ Padà

Ẹ yin Olúwa! Ẹ ò pariwo tó. Òkú kọ́ ló dúró níwájú yín yìí o, ẹ yin Olúwa!

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí èmi aránṣọ Bẹẹrẹ dúró síbí yìí gan-an? Mo ní láti ìgbà tí mo ti ń mu àgbo ìyá ọkọ mi nítorí inú tó ń jó mi, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà ló ń jáde lára mi. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ ní ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ni. Ìyá ọkọ mi jó títí dé iwájú pẹpẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ni! Ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo ń dúpẹ́ lé lórí!

Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá ń gun òkè Mápó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń jókòó sinmi. Òòyì ń kọ́ mi. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, ìdọ̀tí yẹn ló pọ̀. Mu sí i." Mo mu sí i! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo bi ẹ̀jẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ mi dá takisí dúró, ó di ọsibítù.

Dókítà ṣí ìpéǹpéjú mi wò. "Mà, báwo ni ìgbẹ́ yín ṣe rí?"

"Dúdú ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kan."

"Oṣù kan! Kí lẹ dúró dè?"

Ojú tì mí láti sọ pé mo ti jẹ́rìí lé e lórí.

Ó ní egbò inú ikùn mi ló ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ló sì ń sọ ìgbẹ́ mi di dúdú. Wọ́n máa ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó níná lórí gba ẹnu mi wọlé, wọ́n á rí ojú egbò náà, wọ́n á sì gún un lábẹ́rẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Wọn ò ní là mí. Ṣùgbọ́n n ò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi gbé ẹ̀kọ mímu dé láti ilé wọn ní Ọ̀rányàn.

"Màmá, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹun."

"Ṣé ẹ̀kọ mímu náà ni wọ́n ń pè lóúnjẹ?"

Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ṣíbí bù ún sí mi lẹ́nu. Ta ló máa bá ìyá ọkọ tó ń sunkún jà? Mo gbé e mì. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé yàrá tí wọ́n ti fẹ́ ki rọ́bà náà, nọ́ọ̀sì rí ẹ̀kọ létè mi. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ jù sílẹ̀. Ó ní tí ẹ̀kọ yẹn bá gba ọ̀nà èémí, ó lè pa mí. Wọ́n dá mi padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo tún bi ẹ̀jẹ̀. Mo ní ó tán, nítorí ẹ̀kọ!

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù bí ọlọ́pàá, kò jẹ́ kí ìyá ẹ̀ wọlé. Wọ́n fín oògùn sí mi lọ́fun, wọ́n ki rọ́bà wọlé. Mo gbọ́ tí dókítà ní, "Egbò náà nìyí. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ wá." Nígbà tó yá, ó ní, "Ó ti dá."

Ó ti dá! Jésù, mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́ o!

Ìyá ọkọ mi ló jókòó síwájú yẹn. Ẹ má wò wọ́n bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la jọ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú wàhálà, Ọlọ́run tó yọ mí á yọ yín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn kan torí ẹ̀rí mi ọjọ́ yẹn lọ gba àgbo náà. Mo gba ẹ̀rí yẹn padà. Ẹni tí ìgbẹ́ ẹ̀ bá ti dúdú bí ọ̀dà nínú yín, kó má jó o. Kó dúró dè mí lẹ́nu géètì tí a bá ti ṣe ìsìn tán. Mo ti mọ ọ̀nà ọsibítù.