Apá Òsì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má bínú bí mo bá sọ ọ́ ségesège. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a sin bàbá mi, láti ìgbà náà ni mi ò sì ti lè ṣí kọ̀ǹpútà mi láìsunkún. Iṣẹ́ tí mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ni pé mò ń ya ọkọ̀ sínú rẹ̀, irú àwòrán tí èèyàn lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún kó sì rí ẹ̀yìn, iwájú àti abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù àti ìpolówó ọjà ló ń gbà á lọ́wọ́ mi. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n fi gbogbo ọkàn ṣe ni mo ṣe báṣubàṣu.

Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ni bàbá mi ṣe ní Mushin. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan tí ara rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú, òun ló máa ń fi òòlù lù ú títí yóò fi tẹ́jú padà. Á di ojú, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, á ní ọwọ́ ló ń mọ ibi tí ojú ò rí. Síbẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an tẹ̀ níbì kan, lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì. Ìyá mi ló fi gbá òpó géètì nígbà tí Bàbá ń kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé pánẹ́ẹ̀lì wo ló ń gbé ọkọ̀ tó tẹ̀ kiri? Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú, láti ọjọ́ náà kò tún sẹ́ni tó jẹ́ dábàá pé kó lu ilẹ̀kùn yẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá. Onílé rẹ̀ ní ọkọ̀ tí kò rìn mọ́ kò gbọdọ̀ gba àyè ní ọgbà òun, lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ ta ní wẹ́wẹ́, nígbà tí Bàbá ṣì wà lórí ibùsùn ọsibítù. Nígbà tó gbọ́, kò bínú sí wa, èyí ló sì dùn mí jù. Ó kàn ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣebí o máa ń ṣe mọ́tò nínú kọ̀ǹpútà. Bá mi ṣe tèmi, kí n máa rí i."

Ara ògiri ọgbà ni Bàbá máa ń gbé apá òsì ọkọ̀ náà sún mọ́, nítorí náà apá ọ̀tún nìkan ló wà nínú gbogbo fọ́tò tí mo ní. Èmi ò tiẹ̀ kà á sí wàhálà. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn: ìlàjì ọkọ̀ la máa ń yà, a ó wá ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ìlàjì kejì bákan náà, bí ìgbà tí èèyàn wo dígí. Mo rántí pé ibì kan tẹ̀ níbẹ̀ o. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn pé ọkọ̀ rẹ̀ wá tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Mo gbé e fún un nínú yàrá rẹ̀ nílé mi ní Àgùdà, níbi tó ń gbé láti ìgbà tó kúrò ní ọsibítù. Ó wò ó títí, ó ní kí n yí i sí òsì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú kọ̀ǹpútà níbi ilẹ̀kùn náà, ó tún un pa.

"Ó dáa gan-an. Mọ́tò ta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Tiyín ni, Bàbá."

"Kì í ṣe tèmi. Ìyá ẹ ò sí níbẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún mi bí ibẹ̀ ṣe rí gan-an. Mo ní mo ti gbọ́, pé n óò tún un ṣe lọ́la. Lọ́la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bi mí, lẹ́yìn náà kò bi mí mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ló kú.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a gbé ọkọ̀ náà sójú tẹlifíṣọ̀n níbi àdúà ogójì ọjọ́. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre, ó fáìn," ló wí. Ṣé kí n fi ọkọ̀ tí Bàbá kọ̀ han àwọn ẹbí? Àbí kí n fi orí ara mi hùmọ̀ ibi tó tẹ̀? Mo ti gbìyànjú rẹ̀ láìmọye ìgbà, ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ló ń jọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin bàbá yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tí tiyín ṣì wà láyé, bó bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ gbójú sókè. Nítorí èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí: lọ́jọ́ tó ń ṣàlàyé yẹn, apá mi ni Bàbá dì mú tó ń fi ìka ya bí ilẹ̀kùn náà ṣe tẹ̀ sí i lára, ibi tó jìn, ibi tó rọra ga. Oníbàárà kan ni mò ń dá lóhùn lórí fóònù. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Mi ò gbọ́ nǹkan kan.