Àga Ìgbọ̀nsẹ̀ Tí Mo Tì Mọ́ Ọ́fíìsì

Àkókò ti tó kí n tú ohun tí mo dì mọ́nú fún ọdún mọ́kànlá sílẹ̀. Èmi ni Mojíre Awóníyì, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mò ń gbé ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀. Obìnrin kan ń bẹ ní Ẹdẹ tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ń pè ní apani. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń bẹ ní Iláre níhìn-ín. Kì í kí i, kì í gbé ìpè rẹ̀. Obìnrin náà kò pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣekú pa ìyá ọkọ rẹ̀, tí mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, dókítà sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí ìwé ìsìnkú mi pé mo tọ́jú aláìsàn tọkàntọkàn, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi.

Olórí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni mí nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí ọwọ́ mi ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Oyè yunifásítì ni mo gbà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì máa ń rí i dájú pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì kan ni a gba Àlhájà Sàdíátù wọlé láti Iláre. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n, olùkọ́ ilé kéwú tí ìdajì àdúgbò ti jókòó níwájú wọn rí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú, eegun ìbàdí wọn sì sán. Dókítà kọ oògùn ìrora tó lágbára fún wọn, ó sì ní kí ẹni méjì máa gbé wọn jókòó sórí àga lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ìfun àgbàlagbà dákẹ́ iṣẹ́. Omi mímu, èso, jíjókòó, ibi ìkọ̀kọ̀, kí a máa bi wọ́n lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kí a sì tètè wá nǹkan ṣe bí wọn kò bá tíì ṣe é: ìtọ́jú náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti fi kọ́ ẹlòmíràn.

Àlhájà kọ̀ láti lo páànù tí a máa ń kì sábẹ́ aláìsàn. Aṣọ tí a fi ń bo ojú bẹ́ẹ̀dì ti ya, àwọn ọkùnrin tó wá kí èèyàn wọn sì ń kọjá. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "orí ibí yìí náà ni mo ti ń kírun. N kò lè yàgbẹ́ síbẹ̀. Ṣáà gbé mi jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, ara mi á ṣe é." Àga ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun kan sì wà ní ọ́fíìsì mi, tó ní ihò láàárín, tó ní ike nísàlẹ̀, tó ní táyà tí a lè fi tì í dé igun ilé. Àwa tí a jọ jáde ní yunifásítì la fi ta wọ́ọ̀dù mi lọ́rẹ, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ sì ni a fẹ́ gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Mo tì í mọ́lé pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ lára, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Àníkẹ́, obìnrin tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe, ló kọ́kọ́ dábàá. "Mà, àga tuntun yẹn ńkọ́?" "Èyí tí a ò tíì ṣí?" "Ẹ jẹ́ kí Àlhájà bá wa ṣí i. Ṣé ìdí wọn máa jẹ ẹ́ ni?" Àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. "Àníkẹ́, yunifásítì wo lo ti kọ́ ìyẹn?" Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó lọ. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Nítorí fọ́tò ni mo ṣe fi àga du ẹni tí a torí rẹ̀ rà á.

Àyè kan wà nínú ìwé aláìsàn tí a fi ń kọ ọ́ bóyá ó ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ "bẹ́ẹ̀ ni" síbẹ̀ láìbi Àlhájà, kí dókítà má baà béèrè ìdí tí a kò fi gbé wọn jókòó. Ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà bi wọ́n fúnra rẹ̀: "Àlhájà, ṣé ẹ ń yàgbẹ́ dáadáa?" Ọmọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn ni. Ojú tì wọ́n. Wọ́n wò mí, pé kí n bá wọn sọ ọ́. "Wọ́n ṣe é lánàá, dókítà," ni mo wí. "Ó wà nínú ìwé." Àlhájà yíjú sí ògiri. Wọn kò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́.

Hikmat, ìyàwó Rídwàn ọmọ wọn, ló ń wá tọ́jú wọn. Ní ọjọ́ Rú, ó gbé ìbẹ́pẹ àti fúláàsì omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ wá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ikùn Màmá ti le bí pákó. Wọn ò tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ tí a ti débí." "Ṣé àgbo lo bù wá síbí?" "Omi lásán ni, mà. Ẹ tọ́ ọ wò." Mo gba fúláàsì náà, mo dà á nù lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, mo ní kó lọ ṣe ìyàwó nílé, kó jẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Mo kọjá lára rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dé. À ń to ara wa yí àga náà ká fún fọ́tò nígbà tí Àníkẹ́ wá sọ ọ́ sí mi létí pé Àlhájà ń bì, wọ́n ń ké ikùn. "Jẹ́ kí a ya èyí tán," ni mo fi dá a lóhùn. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ikùn wọn ti wú, òógùn tútù bò wọ́n, ohùn wọn kò jáde mọ́. A sáré gbé wọn lọ fún iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tó ti gbẹ bí òkúta ti dá ìfun wọn lu. Wọ́n kú ní ọjọ́ kejì, ṣáájú ìrun Jímọ̀. Dókítà ṣí ìwé wò, ó tún un wò. "Mà, ó wà níbí pé wọ́n ń lọ lójoojúmọ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Mo ní kó jẹ́ kí n yẹ àkọsílẹ̀ mi wò. Mo wọ ọ́fíìsì, mo mú bírò. Mo fi déètì ọjọ́ Rú sí i, mo kọ ọ́ pé ìyàwó ọmọ aláìsàn ń fún un ní àgbo ní kọ̀rọ̀, pé mo kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́. Àníkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mà, omi ni." "Ṣé o fẹ́ iṣẹ́ ẹ àbí o ò fẹ́ ẹ?" Ó kúrò níbẹ̀.

Rídwàn ka ohun tí mo kọ sínú ìwé náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Hikmat, kí lo fún ìyá mi mu?" "Omi ni, Bàbá Khàdíjàh. Wàláhì, omi ni." "Ṣé nọ́ọ̀sì àgbà ló wá ń purọ́?" Hikmat yíjú sí mi. Ó kàn ń retí kí n sọ̀rọ̀. "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì," ni mo wí, bí ẹni tó ń ṣàánú. Kí wọ́n tó ṣe àdúà ogójì ọjọ́, Rídwàn ti dá a padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹdẹ, ó sì gba Khàdíjàh, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí dókítà sọ ti ẹ̀dọ̀ mi, mo lọ sí Ẹdẹ. Hikmat ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá rẹ̀. Ó dá mi mọ̀ kí n tó sọ orúkọ mi. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. "Mà, kí lẹ wá sọ fún mi?" ni ó wí. "Èmi mọ̀ pé mi ò fún wọn lágbo. Rídwàn ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún. Ó sì ti kú, nínú ààwẹ̀ èṣí. Ohun tẹ́ ẹ kọ ló gbà gbọ́ títí ó fi lọ." Mo kúnlẹ̀, èmi tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. "Ẹ dìde, mà. Mi ò tíì lè sọ pé mo dárí jì yín. Ẹ má bínú." Òun ló ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú! Ó dárúkọ Khàdíjàh lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ.

Mo lọ sí Iláre. Àbúrò Rídwàn, tí Khàdíjàh ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà. "Màmá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí gbájú mọ́ ìdánwò rẹ̀. Ẹ lọ sinmi." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Ní báyìí ẹsẹ̀ mi ti wú, n kò lè jáde nílé mọ́. N kò mọ ibi tí Àníkẹ́ wà. Ohun tí mo kọ ṣì wà nínú ìwé ilé ìwòsàn, n kò lágbára láti pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ bi àgbàlagbà léèrè, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn, ẹ sì kọ ohun tí ẹ gbọ́. Ohun èlò tó bá dé lówùúrọ̀, ẹ jẹ́ kí aláìsàn lò ó lówùúrọ̀ náà. Ìwọ Khàdíjàh ọmọ Rídwàn, n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. N kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí o bá ka èyí, tàbí bí ẹnì kan bá kà á fún ọ, jọ̀wọ́, wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹdẹ. Mo rí ojú ìyá rẹ nígbà tó dárúkọ rẹ. Kò ní bi ọ́ ní ohun tó mú ọ pẹ́.