Pátákó Ẹnu Ọ̀nà Mi ní Niangon

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde kí n tó kúrò ní àdúgbò wa, Niangon. Lónìí ni èmi Ràmúlátù ń lọ Mẹ́kà, ẹni tó bá sì ń lọ gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo ti rí àwọn tó ń rìn láti ilé dé ilé, "Ẹ foríjì mí gbogbo ohun tí mo ṣe," wọn kì í sì í sọ ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ dídùn lásán. Èmi á sọ tèmi: pátákó ẹnu ọ̀nà mi kì í ṣe ti mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́.

Gbaka, ọkọ̀ èrò Moussa aládùúgbò mi, ló fà á. Ojúkò àkàrà mi lẹ́nu ọ̀nà ni ó máa ń gbé e sùn sí, oorun rẹ̀ sì wúwo; ilẹ̀ á mọ́, mi ò ní rí àyè dá iná. Dípò kí n kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ra ọ̀dà pupa. Mo kọ ọ́ sára pákó pé ọkọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ sùn sí òpópónà wa, mo fi "mairie" sí ìsàlẹ̀. Faransé tí mo fojú kọ́ lára páálí ọṣẹ ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni gbogbo àdúgbò fi tẹ̀ lé e. Moussa ń gbé ọkọ̀ lọ sí ẹ̀bá ilé epo, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. Wọ́n jí bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Tantie, òfin yìí fẹ́ pa mí." Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Òfin lòfin, ọmọ mi." Mo bu àkàrà mẹ́ta fún un. Ìkà ni mí.

Lánàá mo kó àwọn aládùúgbò jọ, mo jẹ́wọ́. Sylvestre, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Madame, mo mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mairie wo ló ń ṣi 'stationnement' kọ sí 'stasionma'?"

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́, Tíṣà?"

"Èéfín gbaka ò wọ yàrá mi mọ́. Kí ni kí n sọ?"

Moussa yíjú sí i. "Le vieux, bàbá wa, ẹ̀yin náà?" Ẹ̀rín wá pa á. "Tantie, mo foríjì yín. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yín ni gbaka mi máa sùn sí lálẹ́ òní. Èmi náà ni n ó sì gbé yín dé pápákọ̀ òfurufú."

Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí. Gbaka ti dí ẹnu ọ̀nà pa, Moussa ṣì ń hanrun nínú rẹ̀. N ó fẹ̀gbẹ́ jáde bí akàn, n ó sì kan fèrèsé rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kíkàn yẹn náà ni mi ò ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.