Rọ́bà Kan fún Àgbá Méjì

Òjò wínníwínní ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin méjì tó ń tọ́jú ilé onítáyà, irú èyí tí mọ́tò ń fà, tí òyìnbó tó ń ṣe títì ń gbé, wá yà sábẹ́ àtíbàbà gaàrí mi ní Igbódìgò.

"Rọ́bà ìfami wo lo fi fa omi sínú àgbá omi mímu wọn?" ni èyí ẹ̀gbọ́n bi èkejì.

"Èyí tí mo fi fọ àgbá tí ìgbẹ́ wọn ń dà sí ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣan án. Omi náà mọ́ lójú."

"Ó mọ́ lójú. Òun ni ìyàwó òyìnbó máa fi po mílíìkì ọmọ ẹ̀ tó bá jí. Dìde, ká lọ dà á nù."

"Nínú òjò yìí?"

"Ọmọ ọwọ́ ni, àbúrò."

Wọ́n sáré lọ. "Ó mọ́ lójú" kò kúrò létí mi. Korobá tí mo fi ń fọ póò ọmọ-ọmọ mi náà ni mo fi ń pọnmi lódò. Lọ́jọ́ kejì, mo dá ihò lu ìdí ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi pọnmi mọ́.