Lẹ́tà Alhaja Kàfáyàtù Tí Mo Fà Ya

Ẹ̀yin èèyàn mi ní mọ́ṣáláṣí wa ní Albany Park ní Chicago níbí, kí ẹnikẹ́ni tó kó lẹ́tà inṣọ́ránsì oògùn rẹ̀ fún mi lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ ka èyí tán. Èmi Abdulqudus ti pa yín lẹ́rìn-ín títí. Irọ́ tí mo gbé mì lọ́dún méjì sẹ́yìn ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Bí n kò bá tu ú jáde, yóò pa mí.

Dókítà lẹ ń pè mí, torí ẹ rí mi ní ilé ìtajà oògùn ní Tinley Park, orúkọ mi láyà, mo dúró ṣánṣán. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀: ọṣẹ ìfọyín ni mò ń tò. Bí mo bá tò ó tán, mo kọjú sí súìtì. N kò fọwọ́ kan oògùn rí. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá na lẹ́tà sí ọ, tó ní, “Ọmọ mi, bá mi wò ó,” ta ló fẹ́ la ẹnu sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n? Èmi ò lè sọ ọ́. Ìgbéraga ni, mo kàn pè é ní ọ̀wọ̀.

Oṣù kẹwàá ni Alhaja Kàfáyàtù mú lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta wá. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo ní, “Alhaja, wọ́n ń kí yín ni.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Ojú ìwé kejì tí n kò ṣí ni ọ̀rọ̀ wà: láti oṣù kìíní, inṣọ́ránsì kò ní sanwó mọ́ fún oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ Alhaja dì, àfi bí dókítà wọn bá kọ́kọ́ kọ̀wé pé dandan ni.

Oṣù kìíní dé. Halimah, ọmọ ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, lọ gba oògùn, ó padà lọ́wọ́ òfo. Ó pè mí: “Uncle, insurance ò cover ẹ̀ mọ́. Ṣé kí n call dókítà Grandma ni?” Ìpè kan ṣoṣo ni ì bá yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà á jáde, ẹ̀yin náà á sì mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní, “Fi sílẹ̀, èmi ni mo máa pè é.” N kò pe ẹnì kankan. Lọ́jọ́ kẹta ó tún béèrè: “Uncle, did you call? For real?” Mo ní, “Mo pè é. Dókítà ní kí wọ́n lo èyí tó kù, kí wọ́n máa fo ọjọ́ kan.” Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀: “Qudus, ṣé ó dá ọ lójú? Òòyì ń kọ́ mi o.” Mo ní, “Òtútù Chicago lẹ ń pè ní òòyì yẹn, Alhaja.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò kúrò létí mi.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, apá ọ̀tún wọn rọ, ẹnu wọn wọ́.

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Rárá. Ní ọsibítù, Halimah ń sunkún, ó gbé báàgì ìyá àgbà fún mi pé kí n bá òun wá káàdì inṣọ́ránsì. Mo rí káàdì. Mo rí lẹ́tà náà lábẹ́ ẹ̀. Mo fún ọmọ náà ní káàdì, mo mú lẹ́tà wọ ilé ìyàgbẹ́, mo fà á ya wẹ́wẹ́, mo fi omi gbá a lọ. Nígbà tí dókítà béèrè ẹni tó ní kí wọ́n máa fo ọjọ́, Halimah ní, “Uncle Qudus said you said so.” Dókítà ní òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì wò mí. Mo ní, “Mo ní kó pè yín. Ó sọ fún mi pé òun ti pè.”

Ọlọ́run dá ẹ̀mí Alhaja sí, ṣùgbọ́n wọn ò rántí oṣù náà mọ́. Ẹ̀yin náà ní, “Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, kí ló mọ̀ ju fóònù lọ?” Halimah ò wá sí mọ́ṣáláṣí mọ́. Jímọ́ọ̀ tó kọjá, Alhaja gbé ọwọ́ òsì lé mi léjìká lójú gbogbo yín: “Ẹ kó lẹ́tà yín fún Qudus. Ọmọ tí mo ní nìyí, kì í ṣe èyí tó fẹ́ pa mí.” N kò lè jẹun láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún àgbà pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì gba lẹ́tà, ẹ kà á dópin, ẹ wá orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ oògùn tí inṣọ́ránsì ń sanwó fún. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Alhaja, mo dọ̀bálẹ̀, mo da ojú délẹ̀. Ẹ má tíì dárí jì mí. Halimah wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Plainfield. Ẹ kọ́kọ́ pè é, kí ẹ sọ fún un pé òótọ́ ló sọ.