Ọkọ Mi Tí A Rán Lọ Gbẹnu Sọ fún Wa

Ẹ̀yin ará, ara mi ò balẹ̀. Bí mo bá po ìyẹ̀fun dé ìdajì, màá fi sílẹ̀, màá lọ wo ojú ọ̀nà, màá tún padà. Ọkọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, àwọn aládùúgbò ń bẹ̀ mí pé kí n sọ̀rọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Búrẹ́dì la jọ ń ṣe ní Peckham, ní London níbí, lẹ́yìn Rye Lane, láti ìgbà tá a ti ti Ìjẹ̀bú dé. Alhaja tó ń ṣe ọṣẹ ló háyà ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiwa. Nígbà tá a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn kí wọ́n fi kọ́ fúláàtì, àwọn èèyàn wa ní kí ọkọ mi lọ du ipò kánsílọ̀. Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ ó ṣe é! Mọ́sáláṣí gbè é, ṣọ́ọ̀ṣì gbè é, èmi náà kanlẹ̀kùn títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ó wọlé, a yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa dé iwájú ìgbìmọ̀, a jókòó sẹ́yìn, à ń retí kó lanu. Bí wọ́n ṣe pe ọ̀rọ̀ náà báyìí, ọkọ mi dìde, ó kó ìwé ẹ̀, ó jáde! Alhaja fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Ìyàwó, where is he going? Ṣé toilet ni?" Ìgbà tá a délé ló tó ṣàlàyé pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ṣọ́ọ̀bù kánsílọ̀ fúnra ẹ̀, òfin ò gbà kó dá sí i, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ jókòó níbẹ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́, ojú ló ń tì í láti sọ fún wa. Háà! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Wọ́n sún ìpinnu sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo àdúgbò ti ń sọ pé ọkọ mi ti gba rìbá, irọ́ sì ni. Alhaja wá bá mi: "Ìwọ náà lo ń po búrẹ́dì, you're not councillor. Stand up, kó o bá wọn sọ ọ́." Ọkọ mi ní, "Mummy Dàpọ̀, please. Party wa ló fẹ́ fúláàtì yẹn. Tó o bá sọ̀rọ̀, wọn ò ní fà mí kalẹ̀ fún ìbò mọ́." Inú ń bí mi sí i, mo sì fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá dákẹ́, ààrò wa kú nìyẹn. Bí mo bá dìde, òfin yẹn á ti tún lé ọkọ mi jáde kí n tó lanu. Gbogbo wọn ló máa gbọ́ ohun tí mo ní sọ, àfi òun.